Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣọ́ Kámẹ́rà Chandra Lọ́wọ́ Ìtànṣán Tó Lè Bà Á Jẹ́

Chandra ni awò-awọ̀nàjíjìn tí àjọ NASA gbé lọ sí gbalasa òfurufú ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 1999, kí ó lè máa wo ìtànṣán X tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Ọ̀nà tó ń gbà yí Ayé po gùn gbọọrọ. Nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó máa ń sún mọ́ ilẹ̀ tó nǹkan bí 10,000 kìlómítà, a sì tún jìnnà lọ tó nǹkan bí 140,000 kìlómítà, láàárín wákàtí bíi 64. Èyí ń jẹ́ kí ó lo èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò rẹ̀ lókè àgbègbè Van Allen, níbi tí òòfà Ayé há prótọ́ọ̀nù àti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù (àwọn èérún tíntìntín inú átọ́ọ̀mù) mọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá ń padà bọ̀ nítòsí ni ó gbọ́dọ̀ la àgbègbè náà kọjá.

Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ni ewu náà fara hàn. Kámẹ́rà ACIS ní ègé sílíkọ́nì mẹ́wàá tó fi ń ríran, mẹ́jọ nínú wọn sì pàdánù apá kan lára agbára wọn. Prótọ́ọ̀nù alágbára ńlá kọ́ ló fà á, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ì bá ti rò. Àwọn tí agbára wọn kò ju bíi 100 sí 200 keV lọ ni (keV ni òdiwọ̀n agbára irú èérún bẹ́ẹ̀). Wọ́n ń ta lára àwọn dígí Chandra, wọ́n sì ń bá ọ̀nà kan náà tí ìtànṣán X ń gbà débi kámẹ́rà. Alágbára ńlá ì bá gún ègé náà kọjá, aláìlágbára jù ì bá sì dúró lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ti àárín yìí ń dúró gan-an síbi tí iná mànàmáná ń gbà kọjá, wọ́n sì ń ṣí átọ́ọ̀mù sílíkọ́nì nípò. Inú ègé bẹ́ẹ̀, iná tí ìtànṣán dá sílẹ̀ ń ti ojú kan (ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) bọ́ sí èkejì títí yóò fi dé ibi tí wọ́n ti ń kà á, bí àwọn òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ ṣe ń na páànù kankéré síra wọn; níbi tí átọ́ọ̀mù bá ti ṣí nípò, díẹ̀ nínú rẹ̀ ń há sọ́nà, iye tí wọ́n kà kò sì pé mọ́. Ègé méjì tó kù bọ́ nítorí pé ẹ̀yìn wọn ni wọ́n kọ sí dígí.

Ti àgbègbè Van Allen kò ṣòro púpọ̀. Wọ́n mọ ìgbà tí Chandra yóò wọ ibẹ̀, nítorí náà wọ́n ń kọ ọ́ sínú àṣẹ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ ṣáájú pé kí ACIS yẹ̀ kúrò níwájú dígí.

Oòrùn ni kì í sọ tẹ́lẹ̀ kí ó tó tú irú àwọn èérún yìí jáde. Nítorí èyí ni EPHIN, ẹ̀rọ inú Chandra tí Yunifásítì Kiel ní Jámánì ṣe, fi ń ka àwọn prótọ́ọ̀nù àti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń bọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí iye wọn bá ju òdiwọ̀n lọ, kọ̀ǹpútà inú Chandra fúnra rẹ̀ ni yóò dá iṣẹ́ dúró, tí yóò sì gbé ACIS sápá kan, nítorí pé ìgbà díẹ̀ péré lójúmọ́ ni àwọn tó wà nílẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àléébù kan wà tó yẹ kí a tẹnu mọ́: prótọ́ọ̀nù ti àárín tó ba ègé jẹ́ yẹn gan-an kò hàn sí EPHIN. Ojú ACE ni wọ́n ń bá wò ó, ìyẹn sátẹ́láìtì tó wà ní nǹkan bí 1,500,000 kìlómítà sí Ayé, níhà Oòrùn. Wọ́n ń ṣírò iye prótọ́ọ̀nù tí ACIS yóò ti gbà ní ìyípo kan, bí yóò bá sì ju ìwọ̀n tí wọ́n yàn lọ, àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ yóò pinnu bóyá kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ìpinnu náà kò rọrùn, nítorí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ ACE kì í fìgbà gbogbo bá ti ọ̀dọ̀ Chandra mu, wákàtí tí wọ́n bá sì fi dúró kò ṣeé gbà padà.

Nígbà tó yá, ooru ba ìṣirò EPHIN jẹ́. Ẹ̀rọ tó ń dáàbò bo kámẹ́rà kejì tí Chandra ní, HRC, ti ń ka iye àwọn èérún tó ń gbà á kọjá, wọ́n sì fi ìyẹn rọ́pò rẹ̀. Wọ́n tún kọ́ ACIS fúnra rẹ̀ láti máa ka iye ojú inú ègé rẹ̀ tí iná inú wọn ga ju bó ṣe yẹ lọ, kí ó sì ké sí kọ̀ǹpútà bí iye náà bá pọ̀ sí i lójijì.