Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń bá ènìyàn jagun nínú géèmù òfuurufú

Níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH bá ti ń gbá géèmù ogun òfuurufú lórí láptọ́ọ̀pù ní Under G, Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀sùn kan kì í pẹ́ jáde: "Kọ̀ǹpútà yìí ń ṣe ojóró!" Ẹ̀sùn náà kì í ṣe irọ́ pátápátá. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù irú èyí, tí ènìyàn bá yan ipele tó le, ọgbọ́n ọ̀tá kọ́ ló sábà máa ń pọ̀ sí i, ohun ìní rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ló rí nínú Stellaris tí ilé iṣẹ́ Paradox ti ilẹ̀ Sweden gbé jáde lọ́dún 2016: ní àwọn ipele òkè, ọ̀tá ń rí èlé lórí ohun tó ń kó wọlé lóṣooṣù, láìṣe iṣẹ́ kankan fún un. Ó dà bí ìgbà tí ọ̀ta àti ọ̀pẹ jókòó ti ọpọ́n ayò, tí wọ́n fi ọmọ ayò márùn-ún márùn-ún sínú ihò ọ̀pẹ, tí wọ́n sì fún ọ̀ta ní mẹ́rin mẹ́rin. Ọ̀pẹ kò tíì mọ ayò ta, ṣùgbọ́n àtipa á ti di iṣẹ́.

Ìdí tí àwọn tó ń kọ géèmù fi ń gba ọ̀nà yìí wà nínú ìṣirò. Deep Blue, kọ̀ǹpútà IBM tó na Garry Kasparov nínú ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì lọ́dún 1997, lè yẹ nǹkan bí 200 mílíọ̀nù ipò wò láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n nínú ṣẹ́ẹ̀sì, ẹyọ kan ni ènìyàn sábà ń sún tó bá kàn án. Nínú géèmù òfuurufú, gbogbo ọkọ̀ ló lè gbéra nínú ìyípo kan náà, ìyẹn ìgbà kan ṣoṣo tí eré kan ènìyàn. Ká ní ọ̀wọ́ ọkọ̀ 20 ló wà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ibi 10 tó lè forí lé. Iye ètò tó ṣeé ṣe á jẹ́ 1 tí òdo 20 tẹ̀ lé. Bí Deep Blue bá ní òun fẹ́ yẹ gbogbo rẹ̀ wò ní ìwọ̀n eré yẹn, á lò ju 15,000 ọdún lọ lórí ìyípo kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń gbá géèmù kò fẹ́ dúró ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, pàápàá tí NEPA bá ti mú iná tí bátìrì sì ń lọ sílẹ̀.

Kọ̀ǹpútà kì í wo gbogbo rẹ̀, nítorí náà. Wọ́n máa ń pín ìpinnu rẹ̀ bí a ṣe ń pín iṣẹ́ ìjọba. Apá kan ń wo ọ̀rọ̀ ńlá: ṣé àsìkò ìkọ́lé nìyí ni, àbí àsìkò ogun? Apá kejì ń pín owó àti irin. Apá kẹta ló ń darí ọkọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi máàkì sórí ohun tó lè ṣe: pílánẹ́ẹ̀tì tó lọ́ràá gba máàkì púpọ̀, jíjìnnà rẹ̀ yọ díẹ̀ kúrò, ọkọ̀ ogun ọ̀tá tó wà nítòsí tún yọ díẹ̀. Èyí tí máàkì rẹ̀ bá ga jù ni wọ́n ń ṣe.

Ibẹ̀ ni ìwà kan tó máa ń bí àwọn agbágéèmù nínú ti ń wá. Ọ̀wọ́ ọkọ̀ ọ̀tá á gbéra lọ sí ìhà kan, á yí padà ní ìyípo kejì, á tún yí padà ní ìkẹta. Ohun tó fà á ni pé máàkì ibi méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìyípadà kékeré kan sì tó láti gbé ọ̀kan borí èkejì. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: kí kọ̀ǹpútà má fi ohun tó dáwọ́ lé sílẹ̀ àfi tí máàkì ohun tuntun náà bá fi ìwọ̀n kan pàtó ga ju tàtijọ́ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n farabalẹ̀ kọ géèmù kan, ibí ni kó kọ́kọ́ wò.

Ọ̀rọ̀ ohun tí ọ̀tá lè rí tún wà. Ibi tí ọkọ̀ amí ènìyàn kò dé, òkùnkùn ni lójú rẹ̀. Àwọn géèmù kan wà tí kọ̀ǹpútà ti ń rí gbogbo àwòrán ilẹ̀ láìrán amí kankan. Èyí burú ju èlé orí irin lọ. Èlé, wọ́n lè kọ ọ́ sí ojú ewé tí a ti ń yan ipele kí gbogbo ènìyàn kà á. Ojú tó ń rí inú òkùnkùn ń sọ iṣẹ́ amí àti ète ẹni di asán láìjẹ́ kéèyàn mọ̀.

Ìdọ́gba géèmù gan-an ló wá nira jù. Ká mú ìjọba méjì tí agbára wọn dọ́gba ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan ń fi ìdá 4 nínú 100 dàgbà ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, èkejì ń fi ìdá 5 dàgbà. Ìyàtọ̀ náà kò hàn sójú. Lẹ́yìn 50 ìyípo, tí ti àkọ́kọ́ bá lè ra ọkọ̀ 10, èkejì á ra 16. Lọ́dún 1916, Frederick Lanchester, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ìṣirò hàn nínú ìwé pé níbi tí gbogbo ìbọn apá méjèèjì bá ti lè ba ara wọn, iye ọmọ ogun tàbí ọkọ̀ tó wà níbẹ̀, tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀, ni agbára ọ̀wọ́ ogun. Ti 16 jẹ́ 256, ti 10 jẹ́ 100. Tí wọ́n bá jà títí tí apá kan fi tán, ọkọ̀ 12 á ṣẹ́kù fún ẹni tó ní 16. Gbogbo ti ẹnìkejì ti run, òun pàdánù nǹkan bí 4 péré. Ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀ bá ìṣirò yìí mu: nígbà tí ogun láti Ìlọrin ń fọ́ àwọn ìlú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké kó wọ inú odi Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n para pọ̀ síbẹ̀, ogun kò sì rí ìlú náà kó.

Nítorí èyí ni àwọn tó ń ṣe géèmù fi ń fi ìdíwọ́ sí ọ̀nà ẹni tó ń borí. Nínú Stellaris, bí ìjọba bá ṣe ń fẹ̀ sí i ni ìwádìí rẹ̀ ń wọ́n sí i. Ohun ìjà náà ní ohun tó ń ká a: ìbọn léésà dára fún irin ara ọkọ̀ ṣùgbọ́n apata agbára ń dín in kù, mísáìlì ń kọjá lára apata yẹn, àmọ́ ìbọn kékeré tó ń ṣọ́ ọkọ̀ lè já a lulẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí kọ̀ǹpútà kò bá ń wo ohun tí ènìyàn kó wá kó tó pinnu ohun tí òun náà máa kọ́, gbogbo ètò ìdọ́gba yìí ti bàjẹ́, nítorí ènìyàn á wulẹ̀ rí ohun ìjà kan tó ń ṣiṣẹ́, á sì máa kọ́ ọ lọ títí.

A lè kọ́ kọ̀ǹpútà ní ọgbọ́n tòótọ́. AlphaStar, ọgbọ́n àtọwọ́dá ti ilé iṣẹ́ DeepMind, borí agbágéèmù TLO àti MaNa ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún ẹ̀ẹ̀marùn-ún nínú géèmù ogun StarCraft II, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kéde rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2019. Ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń jẹ owó àti agbára ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ géèmù kékeré kò ní.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú nǹkan wọ̀nyí wò, FreeOrion wà, géèmù ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi Master of Orion ti ọdún 1993 ṣe àwòkọ́ṣe. Gbogbo kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni wọ́n sì fi kọ apá tó ń ronú fún ọ̀tá. Akẹ́kọ̀ọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ tó bá gbọ́ Python lè yí máàkì pílánẹ́ẹ̀tì padà, kó kó ọ̀tá mélòó kan sí i, kí wọ́n máa bá ara wọn jà di òwúrọ̀, kó wá ka iye ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan borí. Kó má fi mọ síbẹ̀ o. Ìjà kọ̀ǹpútà sí kọ̀ǹpútà kò lè fi hàn pé ọkọ̀ amí kékeré kan tó láti tan gbogbo ọ̀wọ́ ogun kúrò nílé. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ènìyàn ló máa ń rí i, nítorí náà kó gbé e fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí wọ́n gbá a.