Ṣé oríire ọjọ́ kan ló sọ Tracy Chapman di olórin?

Tí ọ̀rọ̀ Tracy Chapman bá ti délẹ̀, ìtàn kan náà lẹ máa gbọ́: ẹrù olórin Stevie Wonder sọnù ní Wembley, pápá ìṣeré ńlá kan ní London, wọ́n ti ọmọbìnrin kan tẹ́nì kankan ò mọ̀ sórí ìtàgé, kílẹ̀ tó mọ́ ó ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ìtàn náà dùn. Ìdajì rẹ̀ ló jóòótọ́.

Ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1988 ni, níbi ayẹyẹ 70 ọdún tí wọ́n ṣe fún Nelson Mandela, tó ṣì wà lẹ́wọ̀n nígbà náà. Wonder wá dísìkì ẹ̀rọ tó fi ń ṣeré tì, kò sì lè bọ́ sórí ìtàgé lásìkò tirẹ̀. Àmọ́ Chapman kì í ṣe èrò ìwòran. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ètò, ó sì ti kọrin tirẹ̀ tán lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́, tí "Fast Car" wà nínú rẹ̀, ti jáde láti oṣù Kẹrin.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ òun ni wọ́n sá lọ bá? Ẹgbẹ́ olórin ńlá á kọ́kọ́ to ìlù, á fa wáyà, á dán ohùn wò. Olórin folk bíi Chapman, tó ń dá kọrin sí gìtá tirẹ̀, ò béèrè ju gìtá àti máíkì lọ. Bó sì ṣe kọ́ iṣẹ́ náà nìyẹn. Cleveland ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1964. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ló ti ń ta gìtá. Nígbà tó wà ní yunifásítì Tufts, ẹ̀gbẹ́ títì ló ti máa ń kọrin ní Harvard Square, níbi tí kò ti sẹ́ni tó jẹ ọ́ ní gbèsè etí. Akẹ́kọ̀ọ́ Tufts kan, Brian Koppelman, ló gbọ́ ọ tó lọ sọ fún bàbá rẹ̀, tó ń ṣòwò orin. Tẹ́ ẹ bá ní ìyẹn ni oríire, mi ò jiyàn.

Wembley gbé àwo náà sókè, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n "Give Me One Reason", tó gbé jáde lọ́dún 1995, dé ipò 3 lórí àtẹ orin Amẹ́ríkà. Ipò 6 ni "Fast Car" dé. Nígbà tí Luke Combs tún "Fast Car" kọ lọ́dún 2023, Chapman tó kọ orin náà sílẹ̀ ni ẹgbẹ́ olórin country, CMA, fún ní ẹ̀bùn orin tó dára jù lọ́dún náà. Kò sí aláwọ̀ dúdú tó gbà á rí ṣáájú rẹ̀. Kò tiẹ̀ yọjú síbi ayẹyẹ náà.