Ètò Iṣẹ́ Lọ́tọ̀, Sọ́fítíwia Lọ́tọ̀

Nígbà tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ilé ìwòsàn tàbí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni pé, "Sọ́fítíwia wo la máa rà?" Ìbéèrè náà kò burú, àmọ́ ó ti yá jù. Ohun kan wà tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀: ètò iṣẹ́. Òun ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin ará ilé, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe káràkátà ní Kàbà, Ìjùmú, Bùnú àti Yàgbà, torí owó tó ń ṣòfò lórí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí.

Ètò iṣẹ́ ni bí iṣẹ́ ṣe ń rìn láti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn: ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ta ló ń ṣe kí ni, kí ló gbọ́dọ̀ parí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀, ta ló láṣẹ láti gbà tàbí láti kọ̀, kí la ó sì ṣe bí nǹkan kò bá lọ bó ṣe yẹ. Sọ́fítíwia ni irinṣẹ́ tó ń gbé ètò náà rìn. Ó ń ṣírò, ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, ó ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹni tó kàn, ó sì ń rán an létí. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ló ni èkíní. Èkejì ṣeé rà, ó ṣeé yá, ó ṣeé pààrọ̀. Ìwé tí télọ̀ kọ ìwọ̀n ara yín sí kì í bá máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ bàjẹ́. Bó bá ra máṣíìnì tuntun, ìwọ̀n yín ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi kajú wò ó. Ká sọ pé àwọn àgbẹ̀ kan ní Ìjùmú ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń gba kajú lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, tó sì ń kó o jọ tà fún àwọn oníṣòwò ńlá. Àsìkò kajú kì í pẹ́. Nǹkan bí oṣù Kejì sí oṣù Karùn-ún ni ẹrù máa ń wọlé jù, tí àpò á tò títí dé ẹ̀bá títì. Ọmọ ẹgbẹ́ kan gbé àpò dé lórí ọ̀kadà. Ẹni tó wà nídìí òṣùwọ̀n á ki ọwọ́ bọ àpò náà dé ìsàlẹ̀, torí pé ohun tó wà lókè àpò lè yàtọ̀ sí èyí tó wà nísàlẹ̀. Á bu díẹ̀, á la mélòó kan sí méjì, á wo inú rẹ̀ bóyá ó funfun tàbí ó ti dúdú, bóyá ó kún tàbí ó ti rọ. Èyí tí kò gbẹ, á ní kí wọ́n lọ sá a. Èyí tó dára á gorí òṣùwọ̀n, akọ̀wé á kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, akápò á sanwó.

Bí ẹ bá ka èyí fún ẹni tó ń kọ sọ́fítíwia, á ní ó rọrùn. Òótọ́ ni, apá yẹn rọrùn. Ibi tó ti le ni gbèsè. Ọmọ ẹgbẹ́ yìí ti yá owó nígbà òjò láti fi ro oko. Ṣé gbogbo owó kajú rẹ̀ ni ẹ ó fi dí gbèsè náà, àbí ìlàjì? Bí ìyàwó rẹ̀ bá wà ní ilé ìwòsàn l'Ẹ̀gbẹ̀ ńkọ́, ta ló láṣẹ láti ní kí wọ́n fi gbèsè náà sílẹ̀ di ìgbà tí ẹrù mìíràn bá dé? Ṣé alága nìkan ni, àbí alága pẹ̀lú akápò? Bí alága bá wà ní Lọ́kọ́ja lọ́jọ́ náà ńkọ́? Bó bá sì jẹ́ pé ọmọ ló gbé ẹrù bàbá wá, tí ọmọ fúnra rẹ̀ jẹ gbèsè, gbèsè ta la ó yọ?

Kò sí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ìpàdé ni. Àmọ́ bí ẹgbẹ́ kò bá jókòó dáhùn wọn, ẹnì kan á ṣáà dáhùn wọn, torí kọ̀ǹpútà kò lè ṣiṣẹ́ láìsí ìdáhùn. Ẹni náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó sídìí láptọ́ọ̀pù nílùú mìíràn. Á kọ ọ́ pé kí wọ́n yọ gbogbo gbèsè lẹ́ẹ̀kan náà, torí ìyẹn ló yá jù láti kọ. Kì í ṣe pé ó fẹ́ ṣèkà. Kò sẹ́ni tó sọ fún un ni. Lọ́jọ́ tí àgbẹ̀ bá gba rìsíìtì tó jẹ́ pé òdo ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tó sì béèrè ìdí, akápò á ní, "Kọ̀ǹpútà ló yọ ọ́, bàbá." Gbólóhùn yẹn ló ń bí mi nínú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Kọ̀ǹpútà kì í dédé yọ owó ẹnikẹ́ni. Ènìyàn kan ló pinnu rẹ̀, wọ́n kàn gbé ìpinnu náà síbi tí bàbá kò ti lè bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ìṣòro mìíràn máa ń yọjú nígbà tí ẹ bá fẹ́ yí nǹkan padà. Ẹgbẹ́ ṣèpàdé, wọ́n fẹnu kò pé láti ọ̀la lọ, ìlàjì la ó máa yọ. Bó bá jẹ́ inú kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà, ni òfin náà há sí, ẹ ní láti wá ẹni tó kọ ọ́, kí ẹ sanwó fún un, kí ẹ sì dúró dè é. Kajú kò ní dúró. Bí ẹni náà bá ti kúrò nídìí iṣẹ́ yẹn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ á kàn máa bá òfin àtijọ́ lọ, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ ẹ, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà ni.

Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi ya ètò iṣẹ́ àti sọ́fítíwia sọ́tọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ní 1921, kọ̀ǹpútà irú èyí tí a mọ̀ lónìí kò tíì sí nígbà tí Frank Gilbreth àti ìyàwó rẹ̀ Lillian gbé ọ̀nà tí a fi lè ya àwòrán ìgbésẹ̀ iṣẹ́ síwájú ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà. Ní 1993 ni wọ́n dá Workflow Management Coalition sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìlànà fún sọ́fítíwia ètò iṣẹ́. Ìlànà tí ẹgbẹ́ yìí gbé jáde ní 1995 fi ibi tí a ti ń ṣètò iṣẹ́ sí apá kan, ó fi ẹ́ńjìnnì, ìyẹn sọ́fítíwia tó ń mú un ṣẹ, sí apá kejì, ó sì sọ bí méjèèjì á ṣe máa bára wọn sọ̀rọ̀.

Ìlànà tí àwọn ènìyàn ń lò jù lónìí láti ya ètò iṣẹ́ ni BPMN (Business Process Model and Notation), tó jáde ní 2004. Àwòrán ni. Òbìrí kékeré ni ìbẹ̀rẹ̀, òbìrí tí ìlà rẹ̀ nípọn ni òpin. Àpótí tí igun rẹ̀ kò mú ni iṣẹ́ kan: "wọn kajú", "kọ rìsíìtì". Dáyámọ́ńdì ni oríta: ó gbẹ tàbí kò gbẹ, ó jẹ gbèsè tàbí kò jẹ. Ọfà ń fi ọ̀nà hàn, ìlà gbọọrọ sì pín ojú ìwé sí ọ̀nà ọ̀nà, kí a lè rí i kedere pé ti akọ̀wé rèé, ti akápò rèé. Àgbẹ̀ tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí lè tọ́ka sí àpótí kan nínú rẹ̀ kó ní, "Ibí yìí kọ́ là ń gbà." Ẹ̀dà kejì rẹ̀, tó jáde ní 2011, ló gbé ọ̀rọ̀ náà débi tó dé yìí: àwòrán tí ènìyàn ń wò yẹn kan náà, ẹ lè tọ́jú rẹ̀ sínú fáìlì XML, irú ìwé tí a kọ lọ́nà tí kọ̀ǹpútà lè gbà kà á, kí ẹ́ńjìnnì lè kà á, kó sì máa tẹ̀ lé e. ISO, àjọ àgbáyé tó ń ṣètò ìlànà, gbà á wọlé ní 2013. Camunda láti Jámánì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá tún àwòrán yà, tí ẹ sì gbé e sínú rẹ̀, ẹrù tó bá dé lẹ́yìn náà á gba ọ̀nà tuntun. Èyí tó ti bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀ á parí lọ́nà tó bá wọlé, àyàfi bí ẹ bá dìídì ṣí i nípò. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an, torí òfin tí àgbẹ̀ bá bá nílẹ̀ ni wọ́n fi ń bá a ṣe.

Ẹ má sì fi iye owó sínú àwòrán. Owó kajú lè yí láàárín ọjọ́ kan sí èkejì. Tábìlì lọ́tọ̀ ló yẹ irú ìyẹn: irú ọjà báyìí, iye báyìí, kí akọ̀wé lè tún un ṣe láàárọ̀ láìfọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Irú tábìlì bẹ́ẹ̀ náà ní ìlànà tirẹ̀, DMN (Decision Model and Notation), tó jáde ní 2015.

N kò ní sọ pé ìyàsọ́tọ̀ yìí pé pérépéré. Lẹ́yìn àpótí tó ní "fi owó ránṣẹ́ sí báǹkì", ẹnì kan ṣì ní láti kọ kóòdù tó ń bá báǹkì sọ̀rọ̀. Irinṣẹ́ náà sì máa ń nípa lórí ètò. Ní abúlé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dúró, rìsíìtì orí ìwé ni yóò ṣáájú, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù nírọ̀lẹ́. Èyí yí ètò padà lóòótọ́, torí bí ìwé àti fóònù kò bá bára mu, ó yẹ kí ẹgbẹ́ ti sọ èwo ni wọ́n á gbàgbọ́. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ ló yẹ kó sọ ọ́.

Ẹ kò nílò ẹ́ńjìnnì kankan láti bẹ̀rẹ̀. Pépà ńlá kan àti bírò tó. Ẹ má pe àwọn ìgbìmọ̀ nìkan. Ẹ pe ẹni tó ń ki ọwọ́ bọ àpò, ẹ pe àwọn tó ń ru ẹrù, ẹ pe àgbẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta tó jẹ gbèsè. Ẹ yà á bó ṣe ń lọ gan-an, kí ẹ tó yà á bí ẹ ṣe fẹ́ kó máa lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi wò ó bóyá ẹ lè fi ìwé àti bírò ṣiṣẹ́ lórí òfin kan náà lọ́jọ́ tí iná bá lọ. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ kò tíì ní ètò.

Ìgbà yẹn ni ẹ wá lè pe ẹni tó ń ta sọ́fítíwia. Ẹ tẹ́ àwòrán yín síwájú rẹ̀, kí ẹ bi í pé: bí a bá fẹ́ yí ìlàjì yẹn sí ìdá mẹ́ta lọ́la, ta ló máa yí i, èló ni yóò gbà? Bí a bá sì fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ yín lẹ́yìn ọdún méjì, kí la máa kó lọ?