Ìṣirò onípele gíga: kí ni nọ́ńbà "tí kò sí" ń wá níbẹ̀?

Mo fẹ́ yan ìṣirò onípele gíga (Further Mathematics) ní kíláàsì àgbà. Ṣé ìṣirò tí à ń ṣe bọ̀ náà ni, tó kàn wá le sí i?

Rárá o. Nínú ìṣirò tó jẹ́ dandan fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á fi ọ̀nà hàn ọ́, wàá sì tọ̀ ọ́ dé ibi ìdáhùn. Nínú èyí, wọ́n á bi ọ́ pé kí ló dé tí ọ̀nà náà fi tọ́. O lè lo odindi ojú ewé láti fìdí ohun tí o ti mọ̀ tipẹ́ múlẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń sú àwọn kan. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ló dùn jù.

Wọ́n ní a máa kọ́ nípa square root -1, ìyẹn nọ́ńbà tí a bá fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ tó máa jẹ́ -1. Ẹ̀yin olùkọ́ lẹ sì sọ fún wa pé kò sí. Èwo ni ká gbà?

Nínú àwọn nọ́ńbà tí o mọ̀, kò sí lóòótọ́. 3 lọ́nà 3 jẹ́ 9, -3 lọ́nà -3 náà jẹ́ 9. Kò sí ìkankan nínú wọn tí a lè fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ kó bọ́ sábẹ́ òdo.

Àmọ́ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ítálì. Ní 1545, onímọ̀ ìṣirò kan, Girolamo Cardano, tẹ ìwé kan jáde tó ṣàlàyé bí a ṣe ń yanjú ìdọ́gba tí x³ (x lọ́nà x lọ́nà x) bá wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú x³ = 15x + 4. Fi 4 sí ipò x: apá kan á jẹ́ 64, apá kejì á jẹ́ 60 àti 4. Wọ́n dọ́gba, ìdáhùn ti wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá gba ọ̀nà Cardano, square root -121 ni wàá bá pàdé lójú ọ̀nà.

Onímọ̀ ìṣirò mìíràn ní Ítálì, Rafael Bombelli, kò sá fún un. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1572, ó ní ká gbà pé ó wà, ó sì ṣòfin bí a ó ṣe máa lò ó. Lónìí, i là ń pe square root -1, nítorí náà i lọ́nà i jẹ́ -1. Mú bébà, kí o ṣe é fúnra rẹ. (2 + i) lọ́nà (2 + i) jẹ́ 3 + 4i. Tún fi 2 + i sọ ìyẹn di púpọ̀, ó di 2 + 11i. 11i yẹn ni square root -121! Cube root 2 + 11i (nọ́ńbà tí a bá kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí a sì sọ wọ́n di púpọ̀, tó máa jẹ́ 2 + 11i) àti ti 2 − 11i ni ọ̀nà Cardano ní ká ròpọ̀, ìyẹn 2 + i àti 2 − i. Bí o bá rò wọ́n pọ̀, i méjèèjì á pa ara wọn rẹ́, á wá ku 4. Nọ́ńbà "tí kò sí" ló mú wa dé ibi ìdáhùn tó wà.

Ibo ni wọ́n ti ń lò ó?

Fojú wo nọ́ńbà bí ọfà tó kọjú sí ibì kan. Bí o bá fi i sọ ọ́ di púpọ̀, ńṣe ló máa yí ní igun 90°. Ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, yóò kọjú sẹ́yìn, -1 nìyẹn. Ìdí nìyí tó fi wúlò fún ohunkóhun tó bá ń yí tàbí tó ń lọ tó ń bọ̀, bí iná mànàmáná AC, ìyẹn iná tó ń ṣàn lọ tó sì ń ṣàn padà léraléra. Àwọn ẹnjiníà iná máa ń kọ ọ́ ní j, torí i ti dúró fún iná tó ń ṣàn.

Máàkì mi nínú ìṣirò kò ga. Ṣé kí n yàn án?

Máàkì nìkan kò tó fi dáhùn. Algebra ni kí o yẹ̀ wò: ṣé o lè tú àkámọ́ láìṣiyèméjì? Ọ̀pọ̀ tí mo rí tó já sílẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣubú, kì í ṣe nínú àwọn ohun tuntun. Wádìí pẹ̀lú bóyá iṣẹ́ tí o fẹ́ kà ní yunifásítì béèrè fún un. Kí o tó pinnu, wá ohun tí (1 + i) máa jẹ́ bí a bá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, tí a sì sọ gbogbo wọn di púpọ̀ pọ̀. Kò ní sí i kankan nínú ìdáhùn rẹ̀. Bí kò bá jẹ́ kí o sùn títí wàá fi mọ ìdí rẹ̀, lọ forúkọ sílẹ̀.