Ìdánimọ̀ ẹ̀sìn àti ìfọ̀rọ̀wérọ̀ láàárín àwọn ẹlẹ́sìn

Ìdánimọ̀ ẹ̀sìn ni bí ènìyàn ṣe ń fi ẹ̀sìn sọ irú ẹni tí òun jẹ́, àti bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń fi ẹ̀sìn dá a mọ̀. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ láàárín àwọn ẹlẹ́sìn ni kí àwọn tí ẹ̀sìn wọn kò pa pọ̀ jókòó sọ ohun tí wọ́n gbà gbọ́, kí wọ́n sì gbọ́ tẹnu ara wọn, láìjẹ́ pé ẹnì kan ń wá ọ̀nà láti fa ẹnì kejì sínú ẹ̀sìn tirẹ̀. Kì í ṣe àríyànjiyàn, kì í sì í ṣe ìwàásù. Kì í ṣe àdàlú ẹ̀sìn náà: ẹni tó bá wá síbẹ̀ ní Júù tàbí ní Mùsùlùmí, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe padà sílé. Ìbéèrè tó so méjèèjì pọ̀, tó sì ti ń dá ìjà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ni pé: ta ló lẹ́nu láti sọ̀rọ̀ fún ẹ̀sìn kan?

Ta ni à ń pè ní ẹlẹ́sìn?

Ọ̀pọ̀ ló rò pé ẹ̀sìn kan ṣoṣo ni ènìyàn lè ní, pé ìgbàgbọ́ ọkàn ló sì ń sọ ènìyàn di ẹlẹ́sìn. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Nínú òfin ẹ̀sìn àwọn Júù láti ìgbà pípẹ́, ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ Júù, Júù ni, bí kò tilẹ̀ gba Ọlọ́run gbọ́. Ní Japan, bí a bá ro iye ọmọ ẹ̀yìn tí àwọn ilé ẹ̀sìn Ṣíńtò, tó jẹ́ ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ibẹ̀, àti ti Búdà ní àwọn ní pọ̀, ó máa ń ju iye àwọn ará ìlú lọ, nítorí ẹnì kan náà ni wọ́n ń kà níhìn-ín tí wọ́n tún ń kà lọ́hùn-ún.

Ìkànìyàn gan-an kò yanjú ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí England àti Wales fi ìbéèrè nípa ẹ̀sìn sínú ìwé ìkànìyàn ọdún 2001, nǹkan bí 390,000 ènìyàn kọ "Jedi", orúkọ àwọn jagunjagun inú fíìmù. Àwọn kan ń ṣàwàdà, àwọn mìíràn ń fi han ìjọba pé kò kàn án. Ìkànìyàn ọdún 2021 ló gba àròjinlẹ̀ jù: ìdá 46.2 nínú ọgọ́rùn-ún ní Krìstẹ́nì ni àwọn, ìdá 37.2 sì ní àwọn kò ní ẹ̀sìn. Àwọn tí kò ní ẹ̀sìn yìí kì í ní olórí tí wọ́n lè rán lọ sípàdé.

Láti Chicago títí dé Róòmù

Ìpàdé àgbáyé àwọn ẹ̀sìn tó wáyé ní Chicago ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1893 ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé fi ń ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Swami Vivekananda, ọmọ Híńdù ẹni ọgbọ̀n ọdún, kí àwọn èrò ní arábìnrin àti arákùnrin Amẹ́ríkà, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un gidigidi. Edward Benson, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury tó jẹ́ olórí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà ní England, kò yọjú. Lójú tirẹ̀, ẹ̀sìn Krìstẹ́nì kò ní ẹgbẹ́. Bó bá jókòó ti àwọn yòókù, á jẹ́ pé ó ti gbà pé ọgbọọgba ni wọ́n. Ẹni tó sì sọ̀rọ̀ jù fún Ìsìláàmù níbẹ̀ ni Mohammed Alexander Russell Webb, ará Amẹ́ríkà tí kò tíì pẹ́ tó di Mùsùlùmí.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ní Yúróòpù kì í ṣe ìpàdé ńlá bí kò ṣe ẹ̀jẹ̀. Jules Isaac, Júù ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni òpìtàn tí ìwé ìtàn rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé. Àwọn Násì tó ń ṣèjọba Jámánì nígbà náà pa ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin rẹ̀. Ó wádìí bí ẹ̀kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì nípa àwọn Júù ṣe ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún irú ìkórìíra bẹ́ẹ̀, nígbà tó sì di oṣù kẹfà ọdún 1960, ó wà ní ẹni ọdún 82, ó lọ bá Póòpù John XXIII sọ ọ̀rọ̀ náà. Isaac kú ní 1963. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 1965, àpérò Vatican Kejì, ìyẹn ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì, gbé Nostra Aetate, ìwé lórí àjọṣe ṣọ́ọ̀ṣì náà pẹ̀lú àwọn ẹ̀sìn mìíràn, jáde pẹ̀lú ìbò 2,221 sí 88. Ìwé náà sọ pé a kò lè di ikú Jésù ru gbogbo Júù ìgbà náà láìyàtọ̀, ká má tiẹ̀ sọ ti àwọn Júù òde òní.

Ní Assisi, ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 1986, Póòpù John Paul II pe àwọn olórí ẹ̀sìn jọ nítorí àlàáfíà. Vatican ṣọ́ ẹnu gan-an: wọn kò ní àwọn ẹlẹ́sìn ń jọ gbàdúrà, wọ́n ní wọ́n wà pọ̀ láti gbàdúrà. Kálukú kọ́kọ́ lọ gba tirẹ̀ níbi tí wọ́n fún un nínú ìlú, kí gbogbo wọn tó pàdé, tí wọ́n sì ń gbàdúrà ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé, tí àwọn yòókù ń wò. Síbẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Marcel Lefebvre, Kátólíìkì tó tako àwọn àtúnṣe Vatican Kejì, bẹnu àtẹ́ lù ú.

Àṣìsọ náà máa ń bí ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2006, Póòpù Benedict XVI fa ọ̀rọ̀ ọba ayé àtijọ́ kan yọ nípa Ànábì Muhammad, inú sì bí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, onímọ̀ Ìsìláàmù 38 kọ èsì sí i. Lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n ti di 138, wọ́n sì kọ̀wé sí gbogbo olórí Krìstẹ́nì pé ìfẹ́ Ọlọ́run àti ìfẹ́ aládùúgbò ló pa àwọn pọ̀.

Bí ó ṣe ń rí lójoojúmọ́

Ìwé àwọn olórí ni ìròyìn ń gbé, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù kò sí nínú ìwé kankan: aládùúgbò tó lọ bá aládùúgbò ṣọ̀fọ̀, àti tọkọtaya tí ẹ̀sìn wọn yàtọ̀ tí wọ́n ń ro orúkọ tí wọn yóò sọ ọmọ.

Ọ̀nà kan tó sún mọ́ èyí ni kíka ìwé mímọ́ papọ̀, tí Peter Ochs, tó jẹ́ Júù, pẹ̀lú David Ford àti Daniel Hardy, tí wọ́n jẹ́ Áńgílíkà, dá sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. Àwọn ènìyàn díẹ̀ yóò yí tábìlì kan ká. Bébà yóò wà níwájú kálukú, pẹ̀lú ẹsẹ mélòó kan láti inú Tóráà (ìwé mímọ́ àwọn Júù), Májẹ̀mú Tuntun àti Kùránì lórí kókó kan náà, bíi gbígba àlejò. Ẹni tó ni ìwé yóò ṣàlàyé ní ṣókí, ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀ yóò béèrè ìdí tí ọ̀rọ̀ kan fi wà níbi tó wà, ìbéèrè náà sì lè jẹ́ èyí tí onílé kò rò rí. Wọn kì í fi dandan lé e pé kí ohùn ṣọ̀kan. Kò sẹ́ni tó wá ṣojú ẹ̀sìn. Ara rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ fún.

Àríwísí

Àríwísí tó wọ́pọ̀ ni pé àwọn àgbà ọkùnrin ló ń kún orí ìjókòó, tí obìnrin àti ọ̀dọ́ kò sì tó nǹkan. Òmíràn ni pé àwọn tó ti fẹ́ràn ara wọn tẹ́lẹ̀ ló ń wá; ẹni tó yẹ kó gbọ́ kì í yọjú. Òótọ́ pọ̀ nínú èyí.

Ti ẹni tí wọn kò pè náà wà ńbẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù kejì ọdún 2019, Póòpù Francis àti Ahmed el-Tayeb, ìmáàmù àgbà Al-Azhar, mọ́ṣáláṣí àti ilé ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù ńlá ní Íjíbítì, fọwọ́ sí ìwé kan lórí jíjẹ́ ọmọ ìyá ẹ̀dá ènìyàn ní Abu Dhabi. Ní 2023, wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì àti sínágọ́gù síbẹ̀ lórí ilẹ̀ kan náà, Ilé Ìdílé Ábúráhámù. Híńdù, ẹlẹ́sìn Búdà àti aláìlẹ́sìn kò ní ilé tiwọn nínú ọgbà náà. Tẹ́ḿpìlì Híńdù tí wọ́n ṣí ní ilẹ̀ Abu Dhabi ní oṣù kejì ọdún 2024 wà lọ́tọ̀, ní Abu Mureikhah.