Paul Draper àti ọgbà àjàrà Monte Bello

Paul Draper, ọmọ ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní ọdún 1936, ni ọ̀gá apọnwáìnì ilé-iṣẹ́ Ridge Vineyards ní California láti ọdún 1969 títí di 2016. Oríṣiríṣi wáìnì ló ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ọgbà àjàrà kan ló so mọ́ orúkọ rẹ̀ jù lọ: Monte Bello.

Orí àwọn òkè Santa Cruz, lókè ìlú Cupertino, ni ọgbà náà wà. Ó ga tó nǹkan bí mítà 400 sí 800 ju ìtẹ́jú òkun lọ. Òkun Pàsífíìkì kò jìnnà sí i, atẹ́gùn tútù tó ń ti ibẹ̀ fẹ́ wá kì í sì í jẹ́ kí àjàrà yára pọ́n. Òkúta ẹfun wà lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, èyí tó ṣọ̀wọ́n ní California. Èso tó bá fara balẹ̀ pọ́n bẹ́ẹ̀ kì í ní ṣúgà àpọ̀jù, kíkan tó ń jẹ́ kí wáìnì lè pẹ́ nílẹ̀ kì í sì í tán lára rẹ̀.

Osea Perrone, dókítà kan ní San Francisco, ló ra ilẹ̀ náà ní ọdún 1885. Ó gé ẹ̀gbẹ́ òkè ní ìpele-ìpele, ó gbin àjàrà, ó sì kọ́ ilé ìpọntí. Wáìnì àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọdún 1892. Òfin tó ka ọtí léèwọ̀ ní Amẹ́ríkà láti 1920 di 1933 ló sọ iṣẹ́ náà dahoro. Ní nǹkan bí ọdún 1949, William Short, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn, gbin àjàrà Cabernet Sauvignon síbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, Dave Bennion àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta, tí gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí Stanford Research Institute, ra ilẹ̀ náà, wọ́n sì dá Ridge sílẹ̀.

Draper fúnra rẹ̀ kò lọ kọ́ṣẹ́ wáìnì ní ilé-ẹ̀kọ́: ìmọ̀ ọgbọ́n-orí ló kà ní Yunifásítì Stanford, ó sì ti pọn wáìnì ní Chile. Ohun tó fà á lọ sí Monte Bello ni wáìnì tí Bennion àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe. Wọn kì í ṣe apọntí, síbẹ̀ ohun tó wà nínú ìgò wọn kì í ṣe kékeré. Draper gbà pé ilẹ̀ ló ni adùn yẹn. Nítorí náà, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti má ṣe ba ohun tí ilẹ̀ mú wá jẹ́. Ìwúkàrà tó bá èso wá láti oko ló fi ń mú kí omi àjàrà hó di ọtí, inú àgbá igi óákù Amẹ́ríkà ló sì ń gbé e sí. Láti orí wáìnì ọdún 2011, ilé-iṣẹ́ náà ń kọ gbogbo èròjà tó lò sára ìgò.

Nígbà tí Draper wà nídìí iṣẹ́, ibi tí èrò yìí ti hàn jù ni ìgbà àdàlù, ìyẹn ìgbà tí wọ́n bá ń da wáìnì pọ̀ mọ́ra. Abala-abala ni wọ́n pín ọgbà náà sí. Wọ́n á ká èso abala kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, wọ́n á pọn ọ́n lọ́tọ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, Draper àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ á jókòó ti àwọn gíláàsì tí kò ní àkọlé. Wọ́n á da wáìnì abala kan mọ́ èyí tí wọ́n ti yàn, wọ́n á tọ́ ọ wò. Tó bá dára sí i, abala yẹn wọlé. Tí kò bá dára sí i, wọn kì í fi ipá mú un: á bọ́ sínú ìgò tí kì í jẹ́ Monte Bello.

Ní ìdíje ìtọ́wò tó wáyé ní Paris ní ọdún 1976, Monte Bello 1971 ṣe ipò karùn-ún láàárín wáìnì pupa mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n tún tọ́ àwọn wáìnì kan náà wò ní 2006, tí wọ́n ti gbó fún ọdún 30 sí i, òun ló gba ipò kìíní. Ìyẹn, lójú ọ̀pọ̀ ẹni, jẹ́rìí sí ohun tí Draper ti ń sọ nípa òkè náà.

Ilé-iṣẹ́ Otsuka ti Japan ra Ridge ní ọdún 1986, ṣùgbọ́n Draper kò kúrò nídìí àgbá. Lára àjàrà tí Short gbìn ṣì ń so lórí òkè náà, wọ́n sì ṣì ń ká wọn.