Kùrukùru Àárọ̀ Kì Í Ṣe Ọyẹ́, Òjò Àkọ́rọ̀ Kì Í Sì Í Ṣe Òjò Gbígbìn

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àwọn ènìyàn ti ń bi mí pé ṣé ọyẹ́ tún padà dé ni. Wọ́n jí, wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọn ò rí ilé aládùúgbò, ni wọ́n bá ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ kiri pé kí gbogbo ayé tún lọ wá ìpara sí ètè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kan gíláàsì mọ́tò yín láàárọ̀. Bí omi bá ń ṣàn lára rẹ̀, kì í ṣe ọyẹ́. Eruku ni ọyẹ́ ń gbé wá láti aṣálẹ̀, láti apá Chad lọ́hùn-ún, ó sì lè wà lójú sánmà láti àárọ̀ di alẹ́. Èyí tí ẹ ń rí lópin oṣù Kejì yìí, omi ni. Tí oòrùn bá ti ń mú, ní nǹkan bí aago 9 sí 10, á ti ká kúrò nílẹ̀.

Ní ibùdó tí a ti ń wo ojú ọjọ́, àpótí funfun kan wà lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó fi mítà kan àti díẹ̀ ga ju koríko lọ, atẹ́gùn sì ń gba ara rẹ̀ wọlé, ó ń gbà á jáde. Tẹmómítà méjì ló dúró nínú rẹ̀. Ọ̀kan wà lásán. Èkejì, a fi aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e nídìí, a ti etí aṣọ náà bọ inú omi. Bí atẹ́gùn bá gbẹ, á máa fa omi kúrò lára aṣọ yẹn, tẹmómítà tó wé aṣọ á sì tutù ju èkejì lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ ọyẹ́, èyí tó wà lásán lè wà ní 33 lórí ìwọ̀n Celsius, kí èyí tó wé aṣọ wà ní 19. Láàárọ̀ kùrukùru, méjèèjì á wà ní 22. Nígbà tí wọ́n bá ti dọ́gba báyìí, atẹ́gùn ti mu omi yó, kò lè gbà mọ́. Ohun tó ṣẹ́kù ló ń sẹ̀ bí ìrì sára koríko, òun náà ló sì ń rá bàbà lójú ọ̀nà. Lójoojúmọ́ ni a ń ka tẹmómítà méjèèjì yìí, bí ọdún ti ń gorí ọdún, tòru-tọ̀sán. Iṣẹ́ gidi ni, mo sì ń fi yangàn.

Ẹ̀yin awakọ̀, iná kékeré ni kí ẹ tàn, kì í ṣe èyí tó ń tàn jìnnà. Kùrukùru á kàn da ìmọ́lẹ̀ yẹn padà sójú yín ni. Ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ tí odò sì wà nítòsí, bí ẹ̀gbẹ́ odò Ògùn ní Kara lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ni kí ẹ ti dẹ eré jù.

Kí ló wá dé tí omi fi kún inú atẹ́gùn tí òjò ò rọ̀? Atẹ́gùn òkun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà wá yìí kò tíì nípọn. Ìsàlẹ̀ ló gbà wọlé, atẹ́gùn gbígbẹ ti àríwá ṣì gorí rẹ̀, bí ọmọ tó yọ́ wọ abẹ́ aṣọ ìbora ìyá rẹ̀. Àwọsánmà ò lè ga débi tí yóò fi di òjò gidi. Ojú ibi tí atẹ́gùn méjèèjì ti pàdé ni a máa ń tọpa. Nínú oṣù Kìíní, ìtòsí etí òkun ló wà. Tó bá fi máa di oṣù Kẹjọ, ó ti wọ orílẹ̀-èdè Niger lọ. Òjò kì í rọ̀ lójú ààlà náà gan-an, ẹ̀yìn rẹ̀ lápá gúúsù ló ti ń rọ̀. Ìdí nìyí tí òjò fi ń fìdí múlẹ̀ létí òkun ṣáájú Ìbàdàn, tí Ìbàdàn sì ń ṣáájú Ṣakí.

Nítorí náà, òjò ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí tàbí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àmọ́ mo bẹ àgbẹ̀ tó bá ń ka èyí: ẹ má tíì gbin nǹkan kan!

Ẹ̀gbọ́n kan tí mo mọ̀ lápá Ìṣẹ́yìn kò gbọ́. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, wòlíì kan ní ọ̀run ti ṣí, ni ó bá da gbogbo irúgbìn àgbàdo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, àgbàdo ti hù, ewé rẹ̀ sì ti ká jọ bí ẹní. Mo ti ìka bọ ilẹ̀: òkè rẹ̀ le bí èèpá ojú egbò, ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbẹ bí eérú. Ìṣirò rẹ̀ ò le. Mílímítà kan òjò túmọ̀ sí omi lítà kan lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú lóròó. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá tó mílímítà 15, oòrùn àsìkò yìí lè fa 4 sí 5 lọ lójúmọ́. Ọjọ́ mẹ́rin, omi ti tán. Àgbàdo sì ń gba bí ọjọ́ márùn-ún sí méje kó tó yọrí. Ìgbà tó bá máa yọjú, kò sí nǹkan tí yóò mu. Ẹ̀gbọ́n mi tún irúgbìn rà nínú oṣù Kẹrin, nígbà tí gbogbo ayé ń rà á, tó sì ti gbówó lórí. Ọdọọdún ni NiMet, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde, déètì tí òjò yóò fìdí múlẹ̀ ní agbègbè kọ̀ọ̀kan sì wà níbẹ̀. Kí ló dé tí ẹ fi ń fi í sílẹ̀?

Àwọn tó ń gba owó láti so òjò tún wà. Ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní, nígbà tí atẹ́gùn aṣálẹ̀ gba gbogbo ilẹ̀, wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ olóde kí òjò má bàa rọ̀. Òjò wo? Ó ń bí mi nínú. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìnáwó nínú oṣù Kẹta, ẹ ṣe é láàárọ̀, kí ẹ kó kánópì kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, nítorí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni òjò àsìkò yìí fẹ́ràn. Ìlà-oòrùn ni kí ẹ kọjú sí, ẹ má wo apá òkun. Bí òjò ńlá bá ń rọ̀ lọ́wọ́ ní Ìlẹ́ṣà, tó sì ń bọ̀ wá sí ìwọ̀-oòrùn, ó lè dé Ìbàdàn ní nǹkan bí wákàtí 2. Ìjì ló máa ń ṣáájú rẹ̀, ìjì yẹn ló sì ń ká páànù orí ilé.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ló wà lọ́kàn mi jù. Àsìkò yìí náà ni máńgòrò ń pọ́n. Bí ìjì bá fẹ́, máńgòrò á máa já, àwọn ọmọ á sì sáré lọ sábẹ́ igi láti ṣà á, ní ìṣẹ́jú tí mànàmáná ń bọ̀ gan-an. Mo ti dúró ní àgbàlá ilé kan tí wọ́n ti tẹ́ ọmọ kékeré sílẹ̀ lábẹ́ aṣọ, tí àgbàlagbà kan sì ń sọ pé ẹni tó bá jalè ni àrá ń pa. Kí ni ọmọ yẹn jí? Igi tó ga ló dúró sí abẹ́ rẹ̀, iná sánmà sì fẹ́ràn ohun tó bá ga ju ìyókù lọ. Bí mànàmáná bá kọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá. Bí àrá bá sán kí ẹ tó ka 30, ó ti sún mọ́ tòsí. Kí gbogbo ọmọ wọlé, tàbí kí wọ́n wọ inú mọ́tò tó ní òrùlé irin, kí wọ́n ti gíláàsì rẹ̀. Abẹ́ búkà tí kò ní ògiri kì í ṣe ààbò. Kí wọ́n má sì jáde títí ìṣẹ́jú 30 yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ sọ ọ́ fún wọn lónìí, kí òjò àkọ́kọ́ tó dé.